Ẹnu Karimat Kò Kúnlẹ̀

Ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Ore, tí ebi ń pa á, tó wá béèrè ibi tí òun ti lè rí ìrẹsì gidi jẹ, búkà Ìyá Karimat ni wọn yóò júwe fún un. Àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Benin a máa fara da ebi lọ́nà títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí ọbẹ̀ ata obìnrin yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀, itọ́ á kún mi lẹ́nu, ohun tí mo fẹ́ sọ á sì sọnù. Jàmíátù ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Gàzálì ọkọ rẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ó sì ti kú kí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí tó mọ ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá.

Ilẹ̀kùn kan péré ni búkà náà ní, ó sì há. Ẹni méjì kò lè gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Jàmíátù ló ń gbé ìkòkò wọlé-jáde níbẹ̀ láti àárọ̀, nítorí náà gbogbo gáréèjì mọ òfin: ẹni tó bá pàdé rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kó fi ẹ̀yìn rìn padà. Ìbáà ṣe awakọ̀, ìbáà ṣe ọlọ́pàá, ìbáà ṣe alága ẹgbẹ́ awakọ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Obìnrin náà kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Á kàn dúró, á máa wò ọ́, títí wàá fi rántí ilé bàbá ẹ.

Gbogbo gáréèjì ló bá a tọ́ ọmọ náà, ìyẹn Karimat. Bí ìyá rẹ̀ bá wà nídìí iná, oníbúrẹ́dì á máa wò ó. Bó bá ṣàṣejù, ọkùnrin tó ń lẹ táyà lódìkejì á fà á létí. Ọmọ tí àgbà púpọ̀ bá tọ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: kí oòrùn tó mú, ó ti kúnlẹ̀ fún èèyàn tó ju àwo tó fọ̀ lọ. Wọ́n kọ́ ọ pé kò gbọdọ̀ wo àgbà lójú kòrókòró. Wọ́n kọ́ ọ pé ọmọ kì í bá àgbà jiyàn. Bí àgbà bá pe dúdú ní funfun, ohun tí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ń sọ ni pé, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, sà." Karimat gba ẹ̀kọ́ yìí débi pé òun ni àwọn ìyá mìíràn fi ń bú ọmọ tiwọn: "Ṣé o ò rí Karimat ni? Àbí orí rẹ̀ yàtọ̀ sí tìẹ ni?" Èmi ò bá ẹ̀kọ́ jà o. Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ gbé e jìnnà sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó dára náà ní ibi tó ti lè gbé èèyàn ṣubú, ẹ ó sì rí i láìpẹ́.

Ẹ ó béèrè pé báwo ni ọmọ Ore ṣe mọ òkun. Òótọ́ ni, Ore kò lókun, kò lọ́sà. Ohun tó ń ṣàn kọjá níbẹ̀ kò ju mọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará ẹ̀bá omi tó ń bọ̀ láti Igbókòdá nísàlẹ̀, Ore ni wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Warri, búkà Jàmíátù ni wọ́n sì ti ń jẹun. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan wọlé, ó wọ ẹ̀wù funfun, àmì aláwọ̀ wúrà wà léjìká rẹ̀ méjèèjì. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu ìrẹsì fún òun. Ọkùnrin kan tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ̀wù ọkọ yín lẹ gbé wọ̀ yìí, àbí ti ẹ̀gbọ́n yín?" Obìnrin náà mu omi, ó nu ẹnu, ó ní, "Tèmi ni. Èmi ni mò ń tukọ̀ òkun." Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Karimat ló gbé omi fún un. Ó dúró ti tábìlì náà títí ìyá rẹ̀ fi kígbe láti ìdí iná pé ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ta gbòǹgbò ni.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí iṣẹ́ mìíràn lójú rẹ̀ mọ́. Jàmíátù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọkọ òun kú sójú títì, òun ò ní fi ọmọ òun fún omi. Karimat kò jiyàn, ṣé ẹ mọ̀ pé kì í jiyàn. Ó kàn ń sunkún bó ṣe ń fọ àwo, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, títí àánú rẹ̀ fi ṣe ìyá náà. Bó ṣe di ará ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ní Oron nìyẹn. Ó parí ẹ̀kọ́, ọ̀ràn kò parí. Kí wọ́n tó jẹ́ kí atukọ̀ ṣe ìdánwò ìwé àṣẹ, ó gbọ́dọ̀ ti lo oṣù púpọ̀ lójú omi gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́, ọkọ̀ tó sì ń gba ọmọṣẹ́ kò tó nǹkan. Ó rìn ní Èkó títí bàtà fi lu. Nígbà tí ọkọ̀ agbépo kan wá gbà á, ó fọ ilẹ̀ ọkọ̀, ó kùn ún lọ́dà, ó dúró nínú òjò ṣọ́ iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè. Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, ọ̀gá ọkọ̀ náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ gba ìwé àṣẹ rẹ wá, àyè ọ́físà wà fún ẹ níbí. Ṣùgbọ́n bí ọdún yìí bá parí tí mi ò rí ẹ, ẹlòmíràn ni wọn yóò fi sí i."

Ó yege ìdánwò àkọsílẹ̀ láìlàágùn. Ó ku ti ojúkojú, níbi tí ọ̀gá atukọ̀ kan yóò ti jókòó síwájú rẹ, tí yóò máa bi ọ́ léèrè ohun tí o máa ṣe lójú òkun, tí ìwọ náà yóò máa dáhùn láìwòwé. Bàbá tí Karimat bá níbẹ̀ ní Èkó ti darúgbó, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Karimat rí i, orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀ kó tó mọ̀.

Bàbá náà gbé ọkọ̀ kékeré méjì tí wọ́n fi igi gbẹ́ sórí tábìlì. Ó ní, "Èyí ni tìẹ. Èyí ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì rẹ, ó fẹ́ dábùú rẹ. Kí lo máa ṣe?"

Ìbéèrè ọmọdé nìyẹn fún ẹni tó ti lọ sójú òkun. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ dábùú ara wọn, èyí tó bá rí èkejì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni yóò yà. Èkejì ló ní ọ̀nà; kó máa lọ bó ṣe ń lọ, kó má yí, kó má dín eré kù. Karimat dáhùn pé, "Èmi ni mo ní ọ̀nà, sà. Mi ò ní yà."

Bàbá náà gbé ojú sókè lórí awò ojú rẹ̀. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Yéè! Ní Ore, bí àgbà bá bi ọmọ pé ṣé ó dá ẹ lójú, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé o ti ṣìwà hù, tètè tọrọ àforíjì. Ara Karimat gbọ́ ọ kí orí rẹ̀ tó gbọ́. "Ẹ má bínú, sà. Màá yà."

"Yà síbo?"

"Sí... ọwọ́ òsì, sà."

Ọwọ́ òsì! Níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ gan-an! Bàbá náà ti ọkọ̀ méjèèjì síwájú, wọ́n kọlu ara wọn kọ̀ọ́. Ó ní, "Máa lọ sílé, ọmọ dáadáa." Bó ṣe fìdí rẹmi nìyẹn.

Nígbà tó délé, Jàmíátù kò bú u. Ó bu ìrẹsì fún un, ó jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́ tán, ó wá ní, "Karimat, ẹ̀yìn ti ń ro mí. Ìkòkò yìí ti ń wúwo lọ́wọ́ mi. Lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò ní dá ẹ dúró. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún dá ẹ padà, kí òkun máa jẹ́ òkun, kí o wá gba búkà yìí lọ́wọ́ mi. Ṣé o gbọ́?" Karimat ní òun gbọ́. Ìlérí ni ìlérí. Ẹni tó bá ṣe irú rẹ̀ fún Jàmíátù kò ní ibi tó máa sá gbà.

Inú ọmọ náà bàjẹ́ gidi. Kì í ṣe pé ó kórìíra búkà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ó mọ ìdáhùn, ó sọ ọ́, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á nù. Bí èèyàn ò bá mọ nǹkan, á kọ́ ọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tán tí kò lè dì í mú ńkọ́? Ta ni yóò kọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ìlàjẹ kan tó ń jẹun ní búkà ló fún un lésì. Elisha ni orúkọ rẹ̀, ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ ńlá wọ èbúté ló ń wà. Ó ní, "O ò tíì dé ọ̀dọ̀ Baba Oyèlọlá ni? Ní Omifunfun? Gbogbo wa láti ìsàlẹ̀ la máa ń yà síbẹ̀ ká tó lọ kojú àwọn ará Èkó."

Kò jìnnà. Ọkadà gbé e gba ọ̀nà oko lọ. Baba Oyèlọlá ti jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ òkun fún ìgbà pípẹ́ kó tó padà sí oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ọmọ Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni, ó sì jẹ́ pé bí inú bá bí i, Ìkálẹ̀ nìkan ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn atukọ̀ tó bá lọ bá a, yóò yẹ ìwé wọn wò, yóò sọ èyí tí àkókò rẹ̀ ti fẹ́ tán fún wọn, yóò sọ ẹ̀kọ́ iná pípa tàbí ti bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀mí là lójú omi tó yẹ kí wọ́n lọ tún ṣe, yóò sì ní kí wọ́n lọ yẹ ojú wọn wò lọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n má baà dójú ti òun. Lẹ́yìn náà ni yóò máa bi wọ́n léèrè. Kì í gba kọ́bọ̀. Ọwọ́ rẹ ló ń fẹ́: bó bá ti ń bi ọ́ léèrè, ìwọ náà á máa bá a la kòkó.

Ìgbà kòkó ni Karimat débẹ̀. Òkìtì kòkó ga lábẹ́ igi, àwọn obìnrin Omifunfun jókòó yí i ká, wọ́n ń fi kùmọ̀ là á, wọ́n ń yọ hóró rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀. Bàbá náà na kùmọ̀ sí Karimat kó tó kí i tán. Ó ṣa kòkó tútù kan àti kòkó pípọ́n kan, ó fi wọ́n sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Tútù ni tìẹ. Pípọ́n ń bọ̀ láti ọwọ́ òsì rẹ."

"Mi ò ní yà, bàbá. Èmi ni mo ní ọ̀nà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Karimat gbé kùmọ̀ sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Màá..."

Ẹ̀rín gbé bàbá náà mì títí ó fi wúkọ́. "Ta ló bí ẹ?"

"Ìyá Karimat ni, sà, onírẹsì gáréèjì."

"Háà! Jàmíátù? Obìnrin tó dá èmi Oyèlọlá padà lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí mo fi ẹ̀yìn rìn bí alákàn! Òun ló wá bí ẹni tó ń yà fún gbogbo ayé?" Àwọn obìnrin tó ń la kòkó bú sẹ́rìn-ín. Karimat fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tí bàbá rẹ́rìn-ín tán, ó fà á sún mọ́ra. Ó ní, "Gbọ́ mi. O ti rí èèyàn méjì tó pàdé lójú ọ̀nà oko rí, àbí? Eléyìí yà sọ́tùn-ún, tọ̀hún yà síbẹ̀. Eléyìí yà sósì, tọ̀hún náà yà sósì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá. Lójú òkun, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó yà ń wò ọ́, ó ti gbẹ́kẹ̀ lé e pé ibi tí o wà lo máa wà. Bí ìwọ bá lọ fi ọ̀wọ̀ yà, tí òun náà yà, ẹ ó bá ara yín nínú omi. Òkun kò mọ àgbà. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ yẹn, bí bàbá mi ló ń tù ú, òun ni yóò yà."

"Ṣé kí n má kúnlẹ̀ fún àgbà mọ́ ni, sà?" Òótọ́ inú ló fi béèrè. Ọ̀rọ̀ náà ń dà á láàmú.

"Ta ní kí o má kúnlẹ̀?" Bàbá fi kùmọ̀ lu ilẹ̀. "Kúnlẹ̀! Ọmọ tí kò kúnlẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ. Orúnkún ni kí o fi kúnlẹ̀. Ẹnu ni kí o má fi kúnlẹ̀."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Karimat bá ti bá ìyá rẹ̀ dáná tán láàárọ̀, Omifunfun ya. Bàbá á bi í léèrè iná tí ọkọ̀ apẹja ń tàn, ohun tí ọkọ̀ ń fọn nínú kùrukùru, ibi tí wọ́n ń sá sí bí iná bá ń jó nínú yàrá ẹ̀rọ. Kò sí èyí tí kò mọ̀. Ìdí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ni ìṣòro wà, nígbà tí bàbá bá fajú ro, tó pariwo pé, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi ni?" Òun nìkan kọ́. Ó ti kó gbogbo àwọn obìnrin abẹ́ igi sí i. Ìyá àgbà kan tí kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé á gbé ojú sókè nídìí kòkó, á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ó dá ẹ lójú?" Lọ́jọ́ kìíní, ẹnu Karimat wólẹ̀ fún gbogbo wọn. Nígbà tó yá, ó ń sọ pé "Ó dá mi lójú, mà," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Ó ń padà wá. Òjò rọ̀, ó wá. Ọlọ́kadà kọ̀ ọ̀nà ẹrẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ó ti pinnu pé bí òun bá máa gba búkà, kò ní jẹ́ nítorí pé wọ́n bi òun ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá dé ọjọ́ kan tó le bí òkúta. Bàbá gbé kòkó méjèèjì kalẹ̀. "Mi ò yà," ni Karimat wí. Bàbá ti kòkó pípọ́n sún mọ́ ọn. "Mi ò yà." Bàbá halẹ̀, àwọn obìnrin halẹ̀, Karimat rọ̀ mọ́ ọ̀nà rẹ̀ títí kòkó pípọ́n fi gbá tútù dà sí ẹ̀gbẹ́.

"O ti pa gbogbo wa," ni bàbá wí.

Inú bí Karimat. Inú tí kò bí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ló bí i lẹ́ẹ̀kan náà. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ gan-an? Ẹ ní kí n má yà, mo dúró, ẹ tún ní mo pa yín! Ẹ̀yin lẹ wá kọlù mí! Ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi!"

Kùmọ̀ gbogbo dúró lókè. Karimat fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ìyá àgbà nì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó ti dé o!" Baba Oyèlọlá sì ń pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó tún kòkó náà gbé kalẹ̀. "Mo jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹja kò mọ ẹni tó jẹ̀bi, gbogbo wa ló máa jẹ. Agídí kọ́ ni mò ń kọ́ ẹ, Karimat. Di ọ̀nà rẹ mú, kí ojú rẹ sì là. Bí ẹni yẹn kò bá yà, fọn fèrè kúkúrú márùn-ún fún un, kó mọ̀ pé o kò mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá wá sún mọ́ débi tí òun nìkan kò lè gbà yín là mọ́, ìgbà yẹn ni kí ìwọ náà yí. Ọwọ́ ọ̀tún o! Nítorí pé ojú rẹ rí i ni wàá ṣe yí, kì í ṣe nítorí pé ẹnì kan jágbe mọ́ ẹ." Ọ̀rọ̀ náà wọ Karimat létí, ó sì rí àyè jókòó.

Ẹ̀kọ́ Omifunfun kò dúró sí Omifunfun. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Jàmíátù tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní kí Karimat fi iyọ̀ sí i. Karimat tọ́ ọ wò. "Ó níyọ̀ tó, màámi."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Jàmíátù yíjú padà díẹ̀díẹ̀. "Ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹ lóko kòkó nìyẹn?" Ó fúnra rẹ̀ bu iyọ̀ sí i, ó bù ú tìbínú-tìbínú. Ẹ ò bá wà ní búkà lọ́jọ́ náà! Omi tí àwọn awakọ̀ mu kò ṣeé sọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí Jàmíátù bá tọ́ ọbẹ̀ wò tán, á na ṣíbí sí Karimat, á máa wo ibòmíràn.

Ọjọ́ ìdánwò pé, ọdún ti ń lọ sópin. Bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun náà ló tún jókòó níwájú rẹ̀. Karimat kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó. Bàbá náà kò fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n rí. Ó gbé ọkọ̀ igi méjèèjì kalẹ̀, ọkọ̀ kejì lọ́wọ́ òsì, bí ti àtẹ̀yìnwá.

"Èmi ni mo ní ọ̀nà, sà. Mi ò ní yà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Bàbá náà bọ́ awò rẹ̀. "Wọn ò tíì bí ìyá rẹ nígbà tí mo ti ń tukọ̀. Mo ní kí o yà."

Gbogbo Ore ló dìde nínú Karimat. Oníbúrẹ́dì, ẹni tó ń lẹ táyà, alága, gbogbo wọn ń sọ pé, "Bẹ̀ ẹ́, tètè bẹ̀ ẹ́!" Ara rẹ̀ kò lè gbà á mọ́, ó yọ̀ kúrò lórí àga, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ dárí jì mí. Mi ò ní yà."

Bàbá náà ti ọkọ̀ kejì síwájú.

"Mo fọn fèrè kúkúrú márùn-ún, sà. Mo ṣì di ọ̀nà mi mú."

Ó tún tì í.

"Mo ṣì dì í mú, mo sì ń wò ó. Mo tún fọn fèrè."

Ó tún tì í, ó ku díẹ̀ kí igi kan igi. Karimat na ọwọ́ láti ilẹ̀ tó wà, ó yí ọkọ̀ tirẹ̀. "Nísinsìnyí, òun nìkan kò lè gbà wá mọ́, sà. Mo yí sọ́tùn-ún pátápátá."

Bàbá náà wo ọkọ̀ méjèèjì, ó wo ọmọbìnrin tó wà nílẹ̀. "Kí lo ń ṣe lórí ìkúnlẹ̀?"

"Àgbà ni yín, sà."

"Dìde, kí o jókòó. Ìbéèrè ṣì kù." Wọ́n lọ bá iná, wọ́n lọ bá kùrukùru, wọ́n lọ bá ọkọ̀ tó ń jó. Ó bi í pé ṣé ó dá a lójú títí ó fi sú òun fúnra rẹ̀. Nígbà tó parí, ó dìde, ó na ọwọ́ sí Karimat gẹ́gẹ́ bí atukọ̀ ṣe ń na ọwọ́ sí atukọ̀. Alhamdulilahi! Karimat ti yege. Ó bọ́ síta, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Ní Omifunfun, wọ́n ní kòkó tí wọ́n là lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé kò kún apẹ̀rẹ̀, ijó ni wọ́n fi ọjọ́ náà jó. Jàmíátù ní tirẹ̀ kò jó. Ó gbọ́, ó ní "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó sì padà sídìí iná. Karimat kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ń ro ẹ̀yìn tó ń ro ìyá rẹ̀, ó ń ro ìkòkò tó ń wúwo, ayọ̀ rẹ̀ kò sì kún.

Àárọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ bá ọkọ̀ ní Èkó, bọ́ọ̀sì awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Ubaydullah ti kún, ó ń fọn fèrè lójú títì pé ìjókòó kan ló kù. Karimat wọ ẹ̀wù funfun, ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń jáde kúrò ní búkà. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ti pàdé ìyá rẹ̀ tó ń gbé ìkòkò gbígbóná bọ̀ láti ìta. Ẹsẹ̀ ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í gbàgbé. Karimat ti ń fi ẹ̀yìn rìn padà.

"Dúró níbẹ̀!"

Ó dúró. Àwọn awakọ̀ tó ń jẹun gbé orí sókè.

Jàmíátù gbé ìkòkò náà mọ́ àyà pẹ̀lú àkísà, èéfín ń bò ó lójú. Ó ní, "Ta ní kí o padà? Ọ̀nà tìẹ ni." Ó sì gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó gbé èkejì, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níta pẹ̀lú ìkòkò ńlá náà lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò rí irú ẹ̀ rí ní gáréèjì Ore.

"Màámi, ẹ̀yìn yín, ìkòkò yẹn wúwo..."

"Ó wúwo. Máa kọjá, kó tó bọ́ lọ́wọ́ mi."

Karimat kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn tòun ti báàgì, ìyá rẹ̀ wúre sí i lórí, ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀ kò dúró. Ó dìde, ó kọjá. Ubaydullah ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, wọ́n gba ọ̀nà Èkó lọ.

Jàmíátù dúró síbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì náà fi wọlé sáàárín àwọn mìíràn, tí kò mọ èyí tí ọmọ òun wà mọ́. Ó wá yíjú padà sí ilẹ̀kùn. Awakọ̀ kan tó ti jẹun tán ń bọ̀ níbẹ̀, ó ń fi igi tayín, ó rò pé ayé ti yí padà. Jàmíátù wò ó. Ọkùnrin náà rántí ilé bàbá rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn padà.